Àfihàn sáyẹ́ǹsì tí ọmọdé máa fọwọ́ ara wọn ṣe l'Óṣogbo: kí la lè kàn tí kò ní bàjẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n?

Olùkọ́-ÒkèFìà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A ń múra àjọ̀dún sáyẹ́ǹsì ọmọdé fún ìparí oṣù Kẹwàá, nínú ọgbà ilé ìwé kan l'Ókè-Fìà, lábẹ́ kánópì. Àwọn ọmọ tí à ń retí tó 400, láti ọmọ ọdún 5 títí dé 12. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀, a ó parí ní aago méjì ọ̀sán. A ò fẹ́ kí olùkọ́ máa ṣe é kí ọmọ máa wòran. A fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ yí i, kó tẹ̀ ẹ́, kó fà á.

Nǹkan mẹ́fà ló wà lọ́kàn wa: ẹ̀rọ tí ọmọ máa yí tí iná á tàn, apá oníṣírínjì tí omi ń gbé, eré wáyà tó ń dún bí òrùka bá kàn án, irin tí iná ń sọ di mágínẹ́ẹ̀tì, bàlúù tí wọ́n máa fi ra irun kó lẹ̀ mọ́ ògiri, àti nǹkan kan nípa ìró, tí a ò tíì mọ bí a ṣe máa gbé e. A ní káfíńtà kan àti wẹ́dà kan. Iná ìjọba kò ṣeé gbójú lé. Ẹ jọ̀ọ́, èwo la máa ṣe, èwo la máa fi sílẹ̀, kí ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́?

Káfíńtà-Àfihàn

Ẹ kú ìmúra o. Kí ẹ tó ra pákó kankan, ẹ mú bírò kí ẹ ṣírò. Ká ní ọmọ 3 lè wà nídìí àfihàn kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń lo ìṣẹ́jú 4. Ìgbà 15 ni wọ́n máa pààrọ̀ ní wákàtí kan, ìyẹn ọmọ 45. Àfihàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á gba ọmọ 270 ní wákàtí kan, 1,350 ní wákàtí márùn-ún. Ẹ pín in fún 400: ọmọ kọ̀ọ̀kan á débi mẹ́ta, bóyá kó lé díẹ̀, ìyẹn bí ohunkóhun ò bá bàjẹ́. Orí ìlà ni wọ́n ti máa lo àkókò tó kù. Ọmọ tó bá sì ti tò fún ogún ìṣẹ́jú, tó bá dé ìdí ẹ̀rọ, tipátipá ló máa fi gbá a mú.

Ẹ má fi kún irú, ẹ fi kún iye. Ẹ mú irú mẹ́rin, kí ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta. Ìdí 12 nìyẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì lè débi tó súnmọ́ méje. Ohun mìíràn tó wà níbẹ̀ ni pé páàtì kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá kú pátápátá ní aago mọ́kànlá, ẹ tú u, kí ẹ fi ẹ̀yà ara rẹ̀ gbé àwọn méjì tó kù ró.

Plywood mìlímítà 18 ni kí ẹ fi ṣe ojú tábìlì. Èyí tó jẹ́ 12 máa ń tẹ̀ bí ọmọ mẹ́ta bá fara tì í, ohun tí ẹ bá sì dè mọ́ ọn á yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Nínú pákó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 kan, ẹ máa rí ojú tábìlì mẹ́rin gé, sẹ̀ǹtímítà 120 sí 60. Fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7, kí tábìlì ga tó sẹ̀ǹtímítà 55. Fún àwọn tó jù wọ́n lọ, 70. Nínú irú kọ̀ọ̀kan, kí tábìlì kan ní àlàfo sẹ̀ǹtímítà 70 lábẹ́ rẹ̀, kí ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lè ti orúnkún bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sándípépà gé gbogbo igun rẹ̀ kó rí roboto, torí ojú ọmọ ọdún márùn-ún gan-an ni igun tábìlì máa ń bá pàdé.

Ẹ má lo ìṣó. Ìṣó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí nǹkan ṣe ń gbọ̀n. Síkúrúù ni kí ẹ lò fún pákó, bóòtù fún ohun tó ń yí, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú. Nọ́ọ̀tì lásán ni ọmọ á fi ìka tú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe ìwà burúkú. Ohun tí ẹ pè é wá ṣe náà ló ń ṣe.

Kí wẹ́dà tó jó irin kankan, ẹ fi páálí àti sẹ́lótéèpù ṣe àwòṣe rẹ̀, kí ẹ pe ọmọ márùn-ún wá. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn wo ibi tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ ẹ̀rọ sí.

Wáyà-Bàbà

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ti là á yé wa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti iná.

Ẹ̀rọ tí ọmọ máa yí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n máa ń kàn lódì jù. Ohun tó ń yà wọ́n lára láti rà ni mọ́tò tó ń gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè, tàbí ti wáípà. Ẹ má rà á. Gíà inú rẹ̀ rí bíi síkúrúù: mọ́tò lè yí ìdí ọ̀pá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ọ̀pá yẹn láti yí mọ́tò, ó máa le gbagidi, bí ẹ bá sì fi agbára kún un, eyín gíà á já. Mọ́tò fáànù rédíétọ̀ tó jẹ́ tòkunbọ̀ ni kí ẹ wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó: ẹ fi ẹ̀rọ ìlu yí i, kí ẹ fi mítà wọn ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó bá ń mú nǹkan bíi 6V wá nígbà tó ń yí 1,000 ní ìṣẹ́jú kan ló bá wa mu.

Ọmọ ò lè yí nǹkan ní 1,000. Ó lè yí i ní 60. Nítorí náà, ẹ mú rímù kẹ̀kẹ́ 26, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 55, kí ẹ fi púlì sẹ̀ǹtímítà 3 sórí mọ́tò. Bí rímù bá yí lẹ́ẹ̀kan, púlì á yí bíi 18. 60 á di 1,080. Fún bẹ́líìtì, ẹ mú túùbù kẹ̀kẹ́ yẹn kan náà, kí ẹ gé e yípo gẹ́gẹ́ bí òrùka, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ má gé e já kí ẹ tó so ó, ojú ìso ló máa ń fò kúrò lórí púlì. Àárín rímù sí mọ́tò á tó sẹ̀ǹtímítà 50, kí ihò bóòtù mọ́tò sì gùn, kó ṣeé sún sẹ́yìn bí rọ́bà bá dẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀: kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fi páìpù ike wọ bóòtù tí ọmọ ń dì mú kó lè máa yí fúnra rẹ̀. Láìsí páìpù yẹn, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ á bó. Ẹ fi ike tó mọ́ gaara bo ojú rímù àti bẹ́líìtì ní ìhà méjèèjì. Kí wọ́n rí i, ṣùgbọ́n kí ìka má lè wọ àárín sípóòkù.

Níbi iná gan-an, ohun méjì ni kí ẹ fi síbẹ̀, pẹ̀lú súwíìṣì láàárín wọn. Àkọ́kọ́ ni LED, iná kékeré tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná lè gbà kọjá nínú rẹ̀ kó tó tàn: funfun márùn-ún dojú kọ ọ̀nà kan, pupa márùn-ún dojú kọ òdìkejì rẹ̀, kí ẹ so wọ́n ní méjì-méjì. Bí ọmọ bá yí i síwájú, funfun á tàn. Bó bá yí i sẹ́yìn, pupa. Resistor (ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù) 330 ohm ni kí ẹ so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe 150 tí ìṣirò 6V máa fún yín. Ọmọ ọdún méjìlá tó lágbára á yí i dé 10V, LED tó ní 150 á sì jó níwájú rẹ̀. Pẹ̀lú 330, LED funfun á gba bíi mìlíáḿpù 9 ní 6V, 21 ní 10V, kò sì ní jó.

Ìkejì ni gílóòbù táfíkétọ̀ ọkọ̀, 12V 21W. Ní 6V, kò ní tàn dáadáa, pípọ́n ló máa pọ́n bí ẹyin iná, ṣùgbọ́n ó máa fa nǹkan bíi 1.2A, ìyẹn wáàtì 7. LED márùn-ún kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Nígbà tí ọmọ bá ń yí i lọ tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ súwíìṣì láti LED sí gílóòbù. Ọwọ́ rẹ̀ á wúwo lójijì, bí ẹni pé ẹnì kan di rímù mú. Kò sí àlàyé tó lè ṣe ohun tí ìwúwo yẹn ṣe: ọmọ á fi apá ara rẹ̀ mọ̀ pé iná kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nítorí ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ẹ ṣe ń kan gbogbo ẹ̀.

Mágínẹ́ẹ̀tì: wáyà bàbà tí wọ́n kùn, mìlímítà 0.4, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń wé mọ́tò iná. Ẹ wé e ní 600 sára bóòtù mìlímítà 10. Bíi mítà 30 ló máa gbà, resistance rẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó) á tó 4 ohm, yóò sì fa 1.5A láti inú bátìrì 6V. Bí ẹ bá wé 100 péré torí pé ẹ fẹ́ tètè ṣe tán, wáyà á gbóná débi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Súwíìṣì tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ń dúró sójú kan, torí ọmọ á tàn án sílẹ̀ á bá tirẹ̀ lọ. Ẹ fi fíúùsì 3A sí ẹnu bátìrì. Ohun kan tún wà: bóòtù líle máa ń di mágínẹ́ẹ̀tì mú lẹ́yìn tí iná bá kú, wáṣà irin tó gbé ò sì ní já bọ́. Ẹ gbé bóòtù lọ fún alágbẹ̀dẹ kí ẹ tó wé wáyà, kó fi sínú ẹyin iná títí á fi pọ́n, kó wá bò ó sínú eérú kó tutù fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin náà á rọ̀, á sì máa tètè jọ̀wọ́ ohun tó gbé.

Eré wáyà rọrùn. Irin mìlímítà 4 tí wẹ́dà tẹ̀, òrùka sẹ̀ǹtímítà 4 fún àwọn kéékèèké, 2.5 fún àwọn àgbà. Ibi tó ń kú ni ibi tí wáyà ti wọ inú ọwọ́ òrùka, torí ibẹ̀ ló ń ká tó ń nà. Kí ẹ lo wáyà onífọ́nrán púpọ̀, kí ẹ ta á ní kókó nínú páìpù kí fífà má bàa dé ojú lẹ́ẹ̀dì. Irin náà á dípẹtà nínú ọ̀rinrin oṣù Kẹwàá. Ẹ fi sándípépà nù ún láràárọ̀.

Ìyá-Láàbù

Ẹ yọ bàlúù kúrò. Òjò ṣì ń rọ̀ l'Óṣogbo ní ìparí oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ sì kún fún omi. Fẹ́ẹ́rẹ́ omi tí ojú ò rí máa ń bo ara bàlúù, iná tí irun fi sára rẹ̀ á sì gba orí rẹ̀ lọ kó tó kan ògiri. Àwọn ọmọ á ra irun títí, kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ó di ìgbà ọyẹ́, oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, bàlúù tó bẹ́ lè há sí ọ̀fun ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ.

Ẹ fi zobo rọ́pò rẹ̀. Gírámù 20 nínú lítà omi gbígbóná kan, ẹ sẹ́ ẹ, ó parí. Ọṣàn wẹ́wẹ́ á sọ ọ́ di pupa fòò, omi sódà tí wọ́n fi ń yan àkàrà òyìnbó á sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe ni pé wọ́n ń lo zobo kíki. Zobo fúnra rẹ̀ kan gan-an, nítorí náà ọmọ á kán sódà sí i bí ẹní kán omi sí òkun, kò ní yí padà. Ẹ fi omi márùn-ún la ife zobo kan. Ṣíbí kékeré sódà kan nínú ife omi kan ti tó. Inú àwo yìnyín funfun ni kí wọ́n ti máa kán an; bí ẹ bá lo ife, wọ́n á mu ún, torí zobo ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹ má lo omi eérú, ó lè jó ojú ọmọ. Omi ọṣẹ dúdú kò bá a mu náà, àwọ̀ tirẹ̀ á bo ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí. Ẹ sè é láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó bá sùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan sí i.

Ohun tí mi ò fẹ́ rí lórí tábìlì kankan: bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi kọ́bọ̀, àti mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké alágbára. Bátìrì yẹn, bí ọmọ bá gbé e mì, lè jó ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Mágínẹ́ẹ̀tì méjì á fún ìfun mọ́ra wọn nínú. Ẹ yẹ gbogbo ohun ìṣeré tí ẹ bá tú láti fi ṣe páàtì wò dáadáa.

Olùkọ́-ÒkèFìà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi. A ti fagi lé bàlúù. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ìlú aró la wà, kí ló dé tí àwọn ọmọ ò fi lè ti aṣọ bọ inú aró ẹlú fúnra wọn? Ìkejì: ti ìró, àti ti sírínjì.

Ìyá-Láàbù

Mo fara mọ́ aró, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ló máa wọ inú ìkòkò. Aró tí wọ́n fi kọ́síìtìkì sódà pò máa ń jẹ ara. Kí aláró wọ ìbọ̀wọ́, kó gbé ìkòkò sẹ́yìn okùn, ó kéré tán mítà kan àti ààbọ̀. Iṣẹ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aṣọ bá jáde. Aṣọ náà kì í jáde ní àwọ̀ aró. Ó máa ń ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, afẹ́fẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di aró lójú wọn. Kí aláró fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kó ká ibì kan mọ́ra kó fi okùn dè é. Ẹ gbé e kọ́ sórí okùn, kí àwọn ọmọ ka ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì tú ìdè náà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Inú ìṣẹ́po tí afẹ́fẹ́ ò dé á ṣì ní àwọ̀ ewé yẹn. Bí wọ́n bá ṣí i, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìdáhùn wà níwájú wọn: afẹ́fẹ́ ló ń pa á láró.

Ọmọ-Àyàn

Ti ìró, ẹ má wá ọ̀nà jìnnà. Gángan ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ náà: bí a bá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Ṣùgbọ́n ọmọ ò lè fi gángan wọn nǹkan. Ẹ fi okùn kan ṣoṣo ṣe é kí wọ́n lè kà á.

Okùn gìtá onírin, mìlímítà 0.3. Ẹ de ìdí rẹ̀ kan mọ́ pákó mítà kan, kí ẹ gbé e kọjá lórí afárá pákó méjì tí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, kó wá gba orí púlì kékeré sọ̀ kalẹ̀ létí tábìlì. Ẹ so omi kọ́ ọn: jálá kan tó gba lítà 1, òmíràn tó gba lítà 4. Lítà omi kan, kílò kan ni. Pẹ̀lú kílò 1, okùn náà á gbọ̀n bíi ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú kílò 4, bíi 220. Ìwúwo di ìlọ́po mẹ́rin, ohùn di ìlọ́po méjì péré, àwọn méjèèjì sì máa bára mu létí bí ìgbà tí bàbá àti ọmọ bá jọ ń kọ orin kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lítà 9 lọ́wọ́ yín. Ẹ fún un: á di ìlọ́po mẹ́ta, okùn náà ò sì ní já.

Okùn nìkan kì í dún síta lábẹ́ kánópì tí 400 ọmọ ń pariwo. Ẹ fi plywood mìlímítà 3 ṣe àpótí sábẹ́ afárá, pẹ̀lú ihò lójú. Bí ẹ bá fi plywood 18 ṣe é, kò ní gbọ̀n, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Kí jálá má jìnnà sí ilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, torí ẹsẹ̀. Ẹ pe onígángan kan kó jókòó nítòsí, kí ọmọ ti ìdí okùn bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Káfíńtà-Àfihàn

Sírínjì: tuntun láti ilé ìta oògùn, láìsí abẹ́rẹ́, 5 ml àti 20 ml, kí ẹ fi rọ́bà dírípù so wọ́n. Bí ọmọ bá tẹ 5 ml tán, 20 ml á sún ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà rẹ̀ péré, ṣùgbọ́n á fi agbára tó ju ti ọwọ́ ọmọ lọ tì. Kí ẹ ṣe èkejì rẹ̀ ní òdìkejì, 20 ń ti 5, kí wọ́n fi wéra.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni afẹ́fẹ́ tó há sínú rọ́bà. Omi kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ máa ń fún pọ̀, nítorí náà apá á máa rọ́ bíi fóòmù, kò ní gbé nǹkan. Inú bàsíà omi ni kí ẹ ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ohun gbogbo wà lábẹ́ omi títí ẹ ó fi parí. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọmọ, rọ́bà orí ọ̀pá sírínjì á gbẹ, á máa há. Gílísérìn ni kí ẹ fi pa á. Ẹ má fi fàsilíìnì tàbí òróró pa á o, ó máa ń mú rọ́bà wú, kò sì ní lọ mọ́. Ẹ ra sírínjì ìlọ́po méjì iye tí ẹ nílò.

Ẹ tún ya tábìlì kan sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn kánópì. Exploratorium, ilé àfihàn sáyẹ́ǹsì tí Frank Oppenheimer dá sílẹ̀ ní San Francisco, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969, gbangba ni wọ́n gbé ilé iṣẹ́ wọn sí, kí àlejò máa wo bí wọ́n ṣe ń kàn án. Sípánà méjì, ìtú síkúrúù, irin lẹ́ẹ̀dì oníbátìrì, túùbù kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, fíúùsì mẹ́wàá, LED ogún, mítà kan. Ọmọ tó bá dúró wo ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ fún un ní mítà dì mú.

Àkọlé: Yorùbá lókè, kó má ju ìlà mẹ́ta lọ, kí ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Fún ti ẹ̀rọ iná: "Yí i. Tẹ súwíìṣì. Kí ni ọwọ́ rẹ gbọ́?" Ẹ má kọ ìdáhùn sísàlẹ̀ rẹ̀.

Olùkọ́-ÒkèFìà

Ó ti yé wa. Ẹ̀rọ yíyí mẹ́ta, sírínjì mẹ́ta, okùn gìtá mẹ́ta, zobo mẹ́ta, aláró kan lẹ́yìn okùn. A máa fi páálí ṣe àwòṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ìbéèrè kan péré: ṣé àwọn ọmọ ọdún 5 lè yí rímù yẹn pẹ̀lú gílóòbù?

Wáyà-Bàbà

Rárá, á wúwo jù fún wọn. Lórí tábìlì sẹ̀ǹtímítà 55, ẹ fi gílóòbù 12V 5W rọ́pò ti 21W. Wọ́n á ṣì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.